Ẹni Tí Ó Jókòó Ti Aláìsàn: Ojúṣe Ọ̀rẹ́ sí Ọ̀rẹ́ Nígbà Àìsàn Líle

 

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ níbi wàásù pé bíbẹ aláìsàn wò jẹ́ ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn tí a kì í sábà rí. Ẹni náà ni ìyàwó tí ó jókòó ti ọkọ, ọmọ tí ó jókòó ti ìyá, tàbí bàbá tí ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Nípa ẹni yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀, àti nípa ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ṣe fún un.

Àṣìṣe tiwa

Kí a tó gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, wọ́n sì dá ìyá dúró sí ilé ìwòsàn. Àwa olùkọ́ mẹ́fà kó ara wa jọ ní ọjọ́ Àlàmísì kan tí ilé-kéwú kò ṣí, a wọ ọkọ̀, a lọ bẹ màmá wò. A kí wọn, a ṣe àdúà gígùn, gbogbo wọ́ọ̀dù sì ṣe àmín. A fi owó díẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí, a padà sílé. Inú wa dùn. A rò pé a ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí màmá ti wà nílé, ni ọ̀rẹ́ wa yìí fi ẹ̀rín sọ fún wa pé ní ọjọ́ tí a wá yẹn, òun kò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀, òun kò sì tíì sùn lórí ibùsùn láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní nígbà tí a ń ṣe àdúà lọ, ohun tí ó wà lọ́kàn òun ni pé kí ẹnì kan ṣáà sọ pé, “Lọ wẹ̀, kí o sùn fún wákàtí méjì, èmi yóò jókòó ti màmá.” Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn rẹ̀. A kò rí i ni. Ojú wa wà lára ẹni tí ó dùbúlẹ̀, a kò wo ẹni tí ó jókòó.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bi ara wa léèrè pé kí ni ẹ̀sìn wa sọ nípa ẹni tí ó jókòó. Nígbà tí a wo inú ìwé, a rí i pé ó sọ púpọ̀.

Uthman àti ogun Badr

Ní ọdún kejì Híjírà, tí ó bọ́ sí ọdún 624, Ànábì (S.A.W.) àti àwọn Sàhábà tí wọ́n tó bíi 313 jáde kúrò ní Mẹ̀dínà, ogun Badr sì ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọmọ kéwú ni ó mọ bí ipò àwọn tí ó ja ogun yìí ti ga tó. Ṣùgbọ́n Uthman ọmọ Affan kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣojo. Ruqayyah, ọmọ Ànábì, tí ó jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ni ó wà nínú àìsàn líle. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí ó dúró tì í, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé làádá ẹni tí ó lọ sí Badr àti ìpín rẹ̀ nínú ọrọ̀ ogun jẹ́ tirẹ̀. Ruqayyah kò bọ́ nínú àìsàn náà. Nígbà tí ìròyìn ìṣẹ́gun dé Mẹ̀dínà, ibi sàréè rẹ̀ ni àwọn tí ó kù nílé wà, tí wọ́n ń tẹ́ erùpẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí. Iṣẹ́ inú yàrá, iṣẹ́ bíbu omi àti ṣíṣọ́ òru, tí ojú ayé kò rí, Ànábì kà á sí iṣẹ́ ojú ogun. Ohun kejì ni pé aláìsàn náà kú, ṣùgbọ́n ikú rẹ̀ kò sọ iṣẹ́ ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ di òfo. A ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn tí wọ́n ti tọ́jú ènìyàn wọn títí, tí wọn kò sì rí i gbé dìde, tí wọ́n wá ń bi ara wọn pé kí ni èrè gbogbo làálàá náà. Èrè rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kò sọnù.

Àwọn onímọ̀ fíkíhì náà kò gbàgbé ẹni tí ó jókòó. Nínú ìwé Mukhtasar tí Khalil ọmọ Isiaka kọ, tí àwọn tí wọ́n bá ti rìn jìnnà nínú ẹ̀kọ́ máa ń kà ní ọ̀nà Imamu Maliki, títọ́jú aláìsàn wà lára àwọn àwáwí tí ènìyàn fi lè má lọ sí ìrun Jímọ́ọ̀ àti ìrun jànmọ́ọ̀. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Abdullahi ọmọ Umar gbọ́ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan pé Saidu ọmọ Zaidu ń ṣàìsàn. Oòrùn ti ga, ìrun ti súnmọ́, síbẹ̀ ó gun ẹran lọ bá a, ó sì fi Jímọ́ọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. A kò fi èyí sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìrun ṣeré. Ẹni tí ó bá rí ẹni tí yóò dúró ti aláìsàn rẹ̀, kí ó lọ kírun. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ Mùsùlùmí nìkan. Ní ilẹ̀ Èkìtì wa yìí, nínú agboolé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí kí àbúrò jẹ́ ọmọ ìjọ. Aládùúgbò wa lè jókòó ti aláìsàn wa ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, kí àwa náà sì jókòó ti tirẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ànábì fúnra rẹ̀ lọ bẹ ọmọdékùnrin Yàhúdí kan tí ó máa ń ṣe ìránṣẹ́ fún un wò nígbà tí ara ọmọ náà kò yá, ó sì jókòó sí ìhà orí rẹ̀. Bí Ànábì bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni àwa tí a ó sọ pé ọ̀nà kò gba ibẹ̀ lọ?

Ẹrù tí ó wà lórí ẹni tí ó jókòó

Kí a tó sọ bí ọ̀rẹ́ yóò ṣe bá ọ̀rẹ́ gbé ẹrù, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú ẹrù náà. Àìsàn líle kì í ṣe ibà ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá dá sórí ibùsùn, bí kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ní kí a máa yí i ní bíi wákàtí méjì méjì kí ara rẹ̀ má baà dá egbò. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí di agogo mẹ́fà àárọ̀: ìgbà mẹ́rin ni ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ yóò dìde. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ kí ó wá síbi ẹ̀rọ tí ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń gba ìtọ́jú ìtànṣán nítorí àrùn jẹjẹrẹ, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Wàyí o, ẹ wo ibi tí a ń gbé. Ẹni tí ó bá wà ní Èmùré tàbí ní Ìsẹ̀, tí wọ́n ní kí ó gbé aláìsàn rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, yóò sábà gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá kí ó tó dé Adó. Bí ó bá jẹ́ pé Ìdó-Èkìtì ni wọ́n darí rẹ̀ sí, ọ̀nà ṣì kù. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti UCH ní Ìbàdàn, ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn ti di àlejò nílùú onílùú nìyẹn. Kò ní ibi tí yóò sùn, kò ní ibi tí yóò dá iná, kò sì mọ ọ̀nà fámásì yàtọ̀ sí ọ̀nà ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nílé tí ó fi sílẹ̀, koríko ń bo iṣu mọ́lẹ̀ lóko, kòkó ti pọ́n kò sí ẹni tí yóò ká a. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ó ń tajà, ìsọ̀ ti wà ní títì pa. Àwọn ọmọ ń sùn ní ilé ẹbí lónìí, ilé ará àdúgbò lọ́la.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ nínú gbogbo owó tí a ń ná sórí ìlera tí ó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè wọ̀ ọ́, kí ó wọ̀ ọ́ nígbà tí ara ṣì le.

Ẹrù tí ó kẹ́yìn kò ṣeé fojú rí: ẹ̀rù pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́la, àti pé ènìyàn kò lè sọ ọ́ níwájú aláìsàn. Yóò rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, yóò sì lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Bí kò bá ní ọ̀rẹ́ tí yóò sọ ọ́ fún, inú rẹ̀ ni yóò máa gbé.

Ọ̀wẹ̀ tàbí àáró?

Àwọn bàbá wa ní Èkìtì ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀, èkejì ni àáró. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹni tí iṣẹ́ ńlá já lé lórí pe ará àti ọ̀rẹ́, kí ó se oúnjẹ, kí gbogbo wọn fi ọjọ́ kan ṣoṣo bá a ṣe é, kí olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Àáró yàtọ̀ sí èyí. Ní ti àáró, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni yóò dì pọ̀. Lónìí wọ́n wà lóko tìrẹ, lọ́la wọ́n wà lóko tèmi, wọ́n sì ń yí i ká bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ gbogbo wọn yóò fi parí. Kò sí ẹni tí ó ń san owó, kò sì sí ẹni tí ó ń tọrọ bárà. Ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lónìí mọ̀ pé òun náà yóò ṣe ti ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀wẹ̀ ni à ń fi àìsàn ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ayé ni yóò rọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọsàn yóò pọ̀ lórí tábìlì títí yóò fi máa jẹrà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ á dá. Ní oṣù kẹta, ó ku ẹni tí ó dùbúlẹ̀ àti ẹni tí ó jókòó. Ṣùgbọ́n àìsàn líle kì í ṣe ilé tí a lè fi ọjọ́ kan mọ. Ó dà bí oko tí a ro tí koríko tún hù. Ohun tí ó tọ́ sí i ni àáró.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni èyí: kí ọ̀rẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n mọ ara wọn dáadáa dá àáró ìtọ́jú sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó ń ṣàìsàn láàárín wọn. Nígbà tí ó bá kan ẹnì kan, kí wọ́n pín iṣẹ́ báyìí:

Èkíní ni òru. Bí ọ̀rẹ́ kan bá gba òru Àlàmísì, tí èkejì gba òru Àìkú, ẹni tí ó jókòó ti rí òru méjì sùn lọ́sẹ̀. Kí obìnrin ṣe èyí fún obìnrin, kí ọkùnrin ṣe é fún ọkùnrin. Bí ó bá ní rárá, ó lè ṣe é, kí ọ̀rẹ́ má gbà. Ẹ rántí Salman àti Abu Darda tí Ànábì sọ di ọmọ ìyá ara wọn ní Mẹ̀dínà. Nígbà tí Salman rí i pé Abu Darda ń fi ààwẹ̀ àti ìrun òru ni ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ lára, ó dúró tì í lóru, ó ní kí ó sùn. Nígbà tí ó tún dìde, ó tún ní kí ó sùn. Apá ìkẹyìn òru ni àwọn méjèèjì tó dìde kírun. Ó sọ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Ànábì sì sọ pé òótọ́ ni Salman sọ. Bí ọ̀rẹ́ bá lè pàṣẹ oorun fún ẹni tí ó ń jọ́sìn, ó lè pa á fún ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn.

Èkejì ni oúnjẹ. Kí a má gbé oúnjẹ aláìsàn nìkan lọ. Aláìsàn lè jẹ ṣíbí mẹ́ta. Ẹni tí ó ń gbé e dìde ni ó nílò iyán.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn àjò inú ilé ìwòsàn. Ọ̀rẹ́ kan tí ó lè kàwé dáadáa lè máa mú ìwé oògùn lọ sí fámásì, kí ó dúró lórí ìlà níbi àyẹ̀wò, kí ó sì ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ohun tí dókítà bá sọ sí. Ẹni tí kò sùn kì í rántí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ilé àti oko. Kí ẹnì kan mú àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé àti ilé-kéwú, kí ẹlòmíràn ro oko, kí ẹlòmíràn ṣí ìsọ̀ fún wákàtí díẹ̀. Bí ọ̀kan nínú yín bá ní yàrá kan ní Adó tàbí ní Ìbàdàn, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lè ju owó lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni owó. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣooṣù láti ọwọ́ ẹni márùn-ún fún ọdún kan ṣe é gbára lé ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí a dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a sì gbàgbé. Kí a fún un ní ìkọ̀kọ̀, kí a bi í léèrè ohun tí ó kàn láti san. Ẹ má sì gbàgbé sàká. Ẹbí tí àìsàn ti sọ di aláìní tàbí tí ó ti kó sí gbèsè wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí.

Ẹ̀kẹfà ni ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà máa ń ní kí ẹbí wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ti pé ọdún 18, tí ara rẹ̀ le, tí ó sì wọn kílò 50 lè fi í sílẹ̀ bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí wọ́n ń gbà kò ju nǹkan bíi mílílítà 450 lọ, kò kún ìgò omi kékeré tí à ń rà ní títì. Ara yóò sì pa òmíràn dípò rẹ̀. Kí àwọn ọ̀rẹ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀ ara wọn ṣáájú ọjọ́ ìṣòro.

Ẹ̀keje ni etí. Kí ọ̀rẹ́ jókòó, kí ó gbọ́. Kò pọn dandan kí ó ní èsì.

Àpẹẹrẹ láti Abẹ́òkúta àti láti Uganda

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àlá ni à ń lá. Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ rí, nílẹ̀ Yorùbá àti ní òkèèrè.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Aró. Dípò kí ó ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé ní ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ohun kan tí ó sọ di dandan ni pé kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ará ilé rẹ̀ kan, ó kéré tán, wá tí yóò máa bá a gbé, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa mú un lọ mú un bọ̀. Lambo rí i pé ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn jẹ́ apá kan nínú oògùn. Àwọn ará abúlé sì wá di aládùúgbò fún aláìsàn àti fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e wá, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ku ẹnikẹ́ni nínú wọn lóun nìkan. Òkìkí ètò yìí kàn ká gbogbo ayé, Lambo sì di igbá-kejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé kí ó tó kú ní ọdún 2004.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti ilẹ̀ Uganda, nígbà tí àrùn éèdì ń pa ènìyàn tí kò sì tíì sí oògùn rẹ̀. Ọkọ arábìnrin kan tí ó ń jẹ́ Noerine Kaleeba, Christopher ni orúkọ ọkọ náà, kú ní oṣù Kínní ọdún 1987. Ní àkókò náà, àwọn ènìyàn ń sá fún aláìsàn, wọ́n sì ń sá fún ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin yìí àti àwọn díẹ̀ mìíràn tí irú rẹ̀ ń bá fínra, tí àwọn kan nínú wọn ní kòkòrò àrùn náà lára, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, láti sunkún papọ̀ àti láti kọ́ ara wọn bí a ti ń tọ́jú aláìsàn nílé. Láti inú ìpàdé àwọn ènìyàn díẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ TASO ti jáde ní ọdún 1987 kan náà, ó sì di ẹgbẹ́ ńlá tí ó ti ran ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lọ́wọ́. Wọn kò ní oògùn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ara wọn nìkan ni wọ́n ní.

Ohun tí ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà tí ó ń dá kún ìṣòro. Kí ọ̀rẹ́ má jókòó pẹ́ jù nígbà tí aláìsàn fẹ́ sùn. Kí ó má sọ pé irú àìsàn yìí gan-an ni ó pa ẹ̀gbọ́n òun. Kí ó má tú àṣírí ohun tí ó rí ní ìhòòhò aláìsàn tàbí ohun tí ó wà nínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀. Kí ó má na ọwọ́ sí ìyá àgbà kan nínú ẹbí pé òun ni ó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tú agboolé ká, kò sì wo aláìsàn kankan sàn.

Kí ó má sì sọ pé kí wọ́n pa oògùn dókítà tì nítorí àdúà. Ànábì pa wá láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn, ó sì kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Àdúà àti oògùn kì í bára wọn jà. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe fi “Ẹ ṣe sùúrù” pa ẹni tí ó ń sunkún lẹ́nu mọ́. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n ẹkún kì í ṣe àìgbàgbọ́. Nígbà tí Saadu ọmọ Ubadah wà nínú àìsàn, Ànábì àti àwọn mélòó kan nínú àwọn Sàhábà lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí Ànábì rí ipò tí ó wà, ó sunkún, àwọn tí ó tẹ̀ lé e náà sì sunkún. Ó kọ́ wọn pé Ọlọ́hun kì í fi ìyà jẹ ni nítorí omi ojú tàbí ìbànújẹ́ ọkàn.

Bí àáró ṣe yí kàn wá

A ti jẹ́wọ́ àṣìṣe wa níbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ṣe parí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àìsàn dé bàbá tiwa. Ní òru kẹrin tí a ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ wa kan náà ni, ẹni tí a bẹ ìyá rẹ̀ wò tí a kò wo òun. Ẹní wà lábẹ́ apá rẹ̀, búùtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wá ṣe àdúà gígùn. Ó ní, “Àfáà, lọ sùn. Títí di Súbúù, èmi ni mo ni bàbá.” A lọ sùn. Nígbà tí a jí, ó ti yí bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ oko àtijọ́. Bàbá lo oṣù mẹ́fà sí i kí Ọlọ́hun tó gbà wọ́n. Nínú oṣù mẹ́fà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rẹ́ yìí kò gba òru kan.

Kò yẹ kí ó jẹ́ pé ẹni tí ìyà ti jẹ rí nìkan ni yóò mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin ọmọ kéwú, bí ìyá tàbí bàbá ẹlẹgbẹ́ yín bá ń ṣàìsàn, ẹ bá a pọn omi, ẹ mú wàláà àti iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ fún un kí ó má baà padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ ronú kan ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ẹ lè bá dá àáró yìí. Bí ẹ bá sì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, ẹ kí i, ẹ ṣe àdúà fún un, kí ẹ wá yíjú sí ẹni tí ó jókòó, kí ẹ bi í pé, “Ìwọ ńkọ́? O ti jẹun?”

A bẹ Ọlọ́hun kí ó fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí ó fún àwọn tí ó ń tọ́jú wọn ní agbára, kí ó ṣàánú àwọn tí ó ti lọ, kí ó sì fi wá ṣe ọ̀rẹ́ rere fún ara wa. Àmín.